Ọjọ́ Tí Dókítà Eyín Bi Mí Ní Ìbéèrè Níwájú Ìyá Ọkọ Mi

Eyín kan wà nísàlẹ̀ ẹnu mi, lápá òsì, lẹ́yìn gbogbo àwọn yòókù. Láti ìgbà tí mo ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún ló ti ń yọrí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yọjú wo àlejò láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Eyín ọgbọ́n ni àwọn kan ń pè é, nítorí pé ìgbà tí èèyàn bá ti gbọ́n tán ló máa ń jáde. Tèmi kò mú ọgbọ́n kankan wá. Á wú, á dùn mí títí dé etí, màá fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ẹnu, màá ra oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì, á sì rọlẹ̀. Bí mo bá ti gbàgbé rẹ̀, á tún dé.

Ọjọ́ Àìkú kan ló wú tó kọ̀ tí kò rọlẹ̀. Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé girama kan nílùú Ọ̀wọ̀. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dúró níwájú kíláàsì, mo fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo fún àwọn ọmọ, ẹnu mi kò là ju ibi tí ṣíbí tíì lè gbà wọlé lọ. Àwọn ọmọ ń wo ara wọn. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó níwájú gan-an ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣé ẹ̀pà ló wà lẹ́nu yín ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló bọ́ sílẹ̀.

Ọkọ mi rí ojú mi nígbà tí mo délé, ó ní ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì ti tán, ilé ìwòsàn ló kù. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti ní kó wá sí ìpàdé kan ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́rú. Ó mọ̀ pé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ máa ń bà mí, pé bí mo bá dá lọ, mo lè débi géètì kí n sì padà. Ó bá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

Emure-Ilé ni ìyá ọkọ mi ń gbé, kò jìnnà sí wa. Opó ni, àgbẹ̀ ni, ó ní kòkó, ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ Áńgílíkà. Obìnrin tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í fi nǹkan falẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti dé pẹ̀lú odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan àti kókò tí mi ò lè jẹ. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ìyàwó mi, ìwọ lo gbé nǹkan báyìí sẹ́nu tí o ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Ọ̀la la ó lọ. Èmi gan-an ni màá di ọwọ́ rẹ mú."

Mi ò ní sọ pé ìyá ọkọ burúkú ni. Àkókó ni wọ́n ti bí mi. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé bàbá mi wá sí Ọ̀wọ̀, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ ní ẹbí nítòsí nígbà tí mo bímọ. Obìnrin yìí ló wẹ ọmọbìnrin mi méjèèjì, ló jó ìdodo wọn, ló sì fi omi gbígbóná tọ́jú èmi náà títí ara mi fi le. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín wa tó dà bí òkúta inú ìrẹsì. Láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn wa ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ló ti máa ń bi mí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bó bá ku àwa méjì ní kíṣìnnì: "Ìyàwó, ṣé kò sí nǹkan?" Màá ní, "Kò sí nǹkan, Màmá." Á ní, "Ọlọ́run á ṣe é." Màá ní, "Àmín."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi àti ọkọ mi ti jọ pinnu pé ká dúró díẹ̀. Mo ń ka ìwé lọ sí i, mo fẹ́ gba dìgírì, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo sì ń lọ fún ẹ̀kọ́ náà. Mo ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, èyí tí wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì ló ṣàlàyé rẹ̀ fún wa dáadáa, àwa méjèèjì jọ jókòó níwájú rẹ̀. A ò kàn sọ fún Màmá ni. A ò mọ bí a ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Inú àpò ọwọ́ mi ni páálí oògùn náà máa ń wà, lábẹ́ gègé àti ṣọ́ọ̀kì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́rú, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, a dé ilé ìwòsàn ìjọba. Mo bẹ Màmá pé kó ra nǹkan jẹ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní rárá, òun ń gbààwẹ̀. Mi ò bi í léèrè nítorí kí ni. Àwọn ìyá ìjọ máa ń gbààwẹ̀.

Dókítà tó ń tọ́jú eyín jẹ́ obìnrin, mo sì rò pé ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó ní kí n lọ ya fọ́tò ẹnu. Nígbà tí fọ́tò náà jáde, ó gbé e sójú iná, ó pè wá kí a wá wò ó. Mo rí eyín tèmi. Àwọn yòókù dúró ṣánṣán bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Èyí dùbúlẹ̀ gbalaja, ó fi orí ti ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ó gbọ́dọ̀ jáde," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ kàn án, mo máa bi yín ní ìbéèrè díẹ̀. Ẹ jókòó, Àǹtí."

Mo jókòó sórí àga ńlá náà. Màmá dúró níbi orí mi, ó fi ọwọ́ kan di èjìká mi mú, ó fi ọwọ́ kejì gbé àpò mi.

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

"Bí èèyàn bá ṣe ń dàgbà, egungun á máa le, gbòǹgbò eyín á sì ti rìn jìnnà. Ó máa ń ṣòro díẹ̀ láti yọ ju ti ọmọ ogún ọdún lọ. Ṣé ó ti wú rí ṣáájú èyí?"

"Ó ti wú lọ́pọ̀ ìgbà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ṣé ẹ máa ń mu sìgá?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Sìgá kẹ̀? Dókítà, ìyàwó mi yìí? Ọmọ Ọlọ́run lèyí o."

Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Ó bi mí nípa ìtọ̀ ṣúgà, ó bi mí nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ mi máa ń tètè dá bí mo bá fara pa. Rárá, rárá, bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé oògùn kankan wà tí ẹ ń lò lójoojúmọ́?"

Mo wo àpò mi lọ́wọ́ Màmá.

"Kò lo nǹkankan," ni Màmá wí.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹnu wọn ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ." Ojú mi ló ń wò.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń béèrè. Mo kàn fẹ́ gba àyè díẹ̀ ni. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi. Ó ní bí wọ́n bá ti yọ eyín, ẹ̀jẹ̀ á dì sínú ihò ibẹ̀, á bò ó bí ọmọrí ìkòkò, abẹ́ ọmọrí yẹn ni ara á ti máa san. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn bá ṣí kúrò kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, egungun á wà níhòòhò, ìrora rẹ̀ sì máa ń ju ti eyín fúnra rẹ̀ lọ. Ó ní àwọn nǹkan kan wà tó máa ń mú kí ìyẹn tètè ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan ju ẹlòmíì lọ. Sìgá wà níbẹ̀. Eyín tó ti ń wú tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Eyín tó dùbúlẹ̀, tí a máa lo agbára fún, wà níbẹ̀. "Fún àwọn obìnrin," ló wí, "irú oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan wà tó lè dá kún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè."

Ọwọ́ Màmá ṣì wà léjìká mi. Mo wo eyín tó dùbúlẹ̀ nínú fọ́tò. Mo ronú pé mo lè parọ́, kí n sì wá fi egungun mi san owó irọ́ náà.

"Mo ń lo ọ̀kan," ni mo wí. "Ó wà nínú àpò yẹn."

Ọwọ́ kúrò léjìká mi. Màmá na àpò náà sí mi jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé àwo ọbẹ̀ gbígbóná. Mo tú gègé àti ṣọ́ọ̀kì sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fa páálí náà jáde, mo fún dókítà. Dókítà wò mí, ó wo Màmá, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé àṣírí ilé ni ìbéèrè òun tú. Ó yára sọ̀rọ̀. Ó ní mi ò nílò láti dá oògùn náà dúró. Ó máa kọ́kọ́ fún mi ní oògùn tí á pa wíwú yẹn, nítorí kò dára kí a yọ eyín nínú ẹran tó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, kí n padà wá nígbà tí mo bá dé ìlà tó gbẹ̀yìn lára páálí, níbi tí àwọn hóró tí kò ní oògùn nínú wà. Ìgbà yẹn ló rò pé ó dára jù láti yọ eyín.

Nínú kẹ̀kẹ́, Màmá wo apá ọ̀tún, èmi wo apá òsì. A kọjá ilé-ìwé mi, a kọjá ọjà. Nígbà tí a délé, ó wọ kíṣìnnì, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Mo dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, mo ń gbọ́ ìró abọ́. Àwọn ọmọ ti ilé-ìwé dé, ó bọ́ wọn, ó bá wọn ṣeré, ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá fún mi kí n fi lo oògùn. Ó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Kò kàn wo ojú mi ni.

Ọkọ mi dé láti Àkúrẹ́ bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Kò tíì bọ́ bàtà tí ìyá rẹ̀ fi dúró síwájú rẹ̀.

"O mọ̀?"

"Mọ kí ni, Màmá?"

"Oògùn tí ìyàwó rẹ ń gbé mì."

Ọkọ mi wò mí. Mo di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, kò sí ìrànlọ́wọ́ tí mo lè ṣe fún un. Ó mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀, Màmá. Àwa méjèèjì la jọ pinnu rẹ̀."

"O mọ̀." Ó ń mi orí. "Òní ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́rú."

"Ọjọ́rú! Gbogbo ọjọ́rú ni mo fi ń gbààwẹ̀ nítorí ilé rẹ. Gbogbo ọjọ́rú tí Ọlọ́run dá! Mo ń lọ sóko láìjẹun, mo ń ṣánko, òòyì ń kọ́ mi lábẹ́ kòkó, mo ń sọ fún Ọlọ́run pé kó ṣí inú ọmọ yìí. Inú tó jẹ́ pé ìwọ lo fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò!"

Lẹ́yìn ìyẹn, ó bọ́ sínú èdè Ọ̀wọ̀, tí kì í bá mi sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀dà Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ ló máa ń bá èmi ọmọ Àkókó sọ, kí ó lè yé mi. Lọ́jọ́ náà, kò bìkítà bóyá ó yé mi. Mo gbọ́ "Ọlọ́run" nínú rẹ̀, mo gbọ́ "ebi" lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ mi ti dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ̀rù ló bà wá."

"Ẹ̀rù ta ni? Èmi? Ṣé mo máa pa ẹ́ jẹ ni?"

Èmi náà kúnlẹ̀. Mo ti ń retí tèmi. Ó yíjú sí mi, ó sì wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

"Ìwọ, dìde. Ẹni tí ẹnu ń dùn kì í kúnlẹ̀." Mo dìde. "Nítorí náà, kò sí nǹkan tó ṣe ọ́? Inú rẹ dá?"

"Ó dá, Màmá. Kò sí nǹkankan tó ṣe mí."

Ó jókòó. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú, ó nù ún títí. "Mo rò pé èmi ni," ló wí. "Ọdún tí o bí àbíkẹ́yìn, o bá mi ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko. Mo ní kí o má rù ú, o ní o lè rù ú, mo sì gbé e rù ọ́. Láti ọjọ́ tí mi ò ti rí oyún mọ́ ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ló ba inú ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Gbogbo ìgbà tó ń bi mí pé ṣé kò sí nǹkan, mo rò pé ó ń dá mi lẹ́jọ́ ni. Ara rẹ̀ ló ń dá lẹ́jọ́. Mo lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbé orí mi, ẹ̀gbẹ́ tí kò wú, lé orúnkún rẹ̀.

Ó wá ní, "Ẹ bu oúnjẹ fún mi. Mi ò gbààwẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́." Ọkọ mi sáré wọ kíṣìnnì. Bó ṣe ń sáré yẹn, tòun ti bàtà ọ́fíìsì, ló pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn mí dé ọpọlọ.

Lọ́jọ́ kejì, kó tó padà sí Emure-Ilé, ó ní kí n gbé páálí náà wá. Mo ṣàlàyé ìwé tí mo ń kà fún un, àti ìgbà tí mo rò pé ó máa parí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ pé ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ní, "Mi ò ní parọ́ fún ọ, mo ṣì ń fẹ́ ọmọ sí i nílé yìí. Ṣùgbọ́n ìwé tí o bá kà, kò sẹ́ni tó lè jí i." Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ lé àwọn ọfà kéékèèké tó wà lára páálí pẹ̀lú ìka, ó béèrè ibi tí ìlà tó gbẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀, mo fi hàn án.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí láràárọ̀. "Ìyàwó, ṣé o ti gbé e mì?" Ìyá tó ń fẹ́ ọmọ-ọmọ, òun ló wá ń ṣọ́ mi kí n má ṣe fo oògùn, nítorí kí ọjọ́ eyín má bàa yẹ̀. Ọkọ mi ní òun ò rí irú èyí rí.

Nígbà tí ó tó àkókò, wíwú ti lọ, Màmá sì ti dé. Dókítà rí wa lẹ́nu ọ̀nà, ó fa mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àǹtí, ẹ foríjì mí nítorí ọjọ́ yẹn. Ó yẹ kí n ti ní kí Màmá dúró síta kí n tó bi yín." Màmá gbọ́. Ó ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ kí n wọlé. Kò sí nǹkan tó kù tí mi ò mọ̀ mọ́." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, kódà nọ́ọ̀sì tó ń to irinṣẹ́.

Kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀, ó tún sọ òótọ́ kan fún mi. Gbòǹgbò eyín náà súnmọ́ iṣan tí ètè fi ń mọ nǹkan lára. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé kí ètè tàbí àgbọ̀n mi kú tipiri fún ìgbà díẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Mo ronú nípa kíláàsì mi, nípa bí mo ṣe ń fi ètè pe ọ̀rọ̀. Mo bi í pé bí ẹnu òun ni, ṣé òun á yọ ọ́. Ó ní, "Bó bá ń wú báyìí lẹ́nu mi, màá yọ ọ́." Mo ní kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Abẹ́rẹ́ ló dùn mí jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ìró nìkan ni mo ń gbọ́, bí ìgbà tí wọ́n ń pa èkùrọ́ lórí òkúta ní ilé kejì. Ó gé eyín náà sí méjì, ó yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá di ọwọ́ mi mú bí ó ṣe ṣèlérí, ó ń gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n. Nígbà tí wọ́n fi òwú sí i tí mo fi eyín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí eyín náà. Ó wò ó títí. "Nǹkan kékeré yìí," ló wí.

Dókítà ka ìkìlọ̀ fún wa: kí n má tutọ́, kí n má fi sítírọ̀ọ̀ mu nǹkan, kí n má fa ohunkóhun sẹ́nu, kí n má jẹ oúnjẹ gbígbóná, kí n má ru ẹrù. Láti ọjọ́ kejì ni kí n máa fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu, jẹ́jẹ́. Èmi tí mo kàwé gbàgbé ìdajì kí a tó délé, nítorí orí mi ń yí. Màmá kò gbàgbé ọ̀kan. Ọmọ mi àgbà gbé yúgọ́ọ̀tì wá fún mi pẹ̀lú sítírọ̀ọ̀ rẹ̀, ó rò pé òun ń ṣe mí lóore, ìyá àgbà já sítírọ̀ọ̀ náà gbà bí ẹni já ọ̀bẹ. Ó fún mi ní ògì tó ti tutù, ó fún mi ní ọ̀ọ̀lẹ̀ tó rọ̀ tí kò ní ata. Ó ń fi ìka tẹ àgbọ̀n mi láràárọ̀. "Ṣé o mọ èyí lára? Èyí ńkọ́?" Ètè mi ti jí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yọ eyín náà, àfi ibì kan lórí àgbọ̀n tí kò ju ojú ìka lọ.

Mo rò pé a ti bọ́. Mo tilẹ̀ ti ń múra àtipadà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ìrora kan dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí kò jọ ti tẹ́lẹ̀ rárá. Ó gba àgbọ̀n, ó gun etí, ó wọ orí. Òórùn kan sì ń jáde lẹ́nu mi tí ojú ń tì mí fún. Mo wo dígí, mo tan iná fóònù sí ẹnu: ihò náà ṣófo. Ọmọrí ti kúrò lórí ìkòkò.

Nínú kẹ̀kẹ́, mo ń sunkún. Ọkọ mi wà pẹ̀lú wa lọ́jọ́ yìí, mo sì mọ ohun tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rò. Oògùn ni. Oògùn yẹn ló fà á. Nígbà tí a dé iwájú dókítà, Màmá ló bèèrè, kò sì fi ohùn ìbínú bèèrè é. "Dókítà, a dúró di ìlà tó gbẹ̀yìn. Gbogbo ohun tí ẹ sọ la ṣe. Ṣé oògùn yẹn náà ni?"

Dókítà fi iná wo ẹnu mi kó tó dáhùn. "Màmá, mi ò mọ èwo ni. Ó lè jẹ́ bí eyín ṣe dùbúlẹ̀. Ó lè jẹ́ wíwú tó ti ń wú. Ó lè jẹ́ oògùn, ó sì lè má jẹ́ ìkankan nínú wọn. Àwọn kan ní gbogbo rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Àwọn kan ò ní ọ̀kan, ó sì ṣe wọ́n. Mo ń bèèrè ìbéèrè kí a lè múra sílẹ̀ ni. N kì í bèèrè kí a lè rí ẹni tí a máa dá lẹ́bi."

Màmá ronú sí i. "Bí òjò ni," ló wí. "Ó lè ṣú kó má rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí i tó ṣú, á kó àgbàdo rẹ̀ wọlé."

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, Màmá."

Ó fi omi fọ ihò náà, ó sì fi nǹkan kan tó ní òróró kànáfùrù nínú dí i. Òórùn kànáfùrù kún ẹnu mi, ó kún yàrá náà. Kí a tó dé ibi tí a ti máa wọ kẹ̀kẹ́, ìrora náà ti ń fà sẹ́yìn, bí omi tó kún ojú pópó tó wá rí ọ̀nà gbà lọ. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo ń mí. Ọkọ mi bi mí pé kí ló dé. Mo ní, "Kò dùn mí mọ́." Mo tún sọ ọ́. Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lójú gbogbo èèyàn.

Ẹ̀ẹ̀mejì sí i ni mo padà lọ kí wọ́n pààrọ̀ ohun tí wọ́n fi dí i. Ẹran bò ó díẹ̀díẹ̀. Ibi tó kú lórí àgbọ̀n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí yìnrìnyìnrìn, ó sì jí pátápátá kí táàmù tó parí. Ní ọjọ́ tí mo lọ kẹ́yìn, dókítà wo apá ọ̀tún nínú fọ́tò, ó ní eyín tòdì kejì dúró ṣánṣán, ó ní àyè tirẹ̀, kò sí ìdí láti fọwọ́ kàn án. Mo jáde, mo ra àgbàdo sísun, mo sì fi apá méjèèjì jẹ ẹ́.

Ọdún tó gbẹ̀yìn ni mo wà báyìí nínú ẹ̀kọ́ mi. Nígbà tí mo bá ń ṣe ìdánwò, Màmá máa ń wá kó àwọn ọmọ lọ sí Emure-Ilé kí ilé lè rọ̀. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ kẹta ní gbangba, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ nípa ilé tó fẹ́ kọ́: ìgbà wo, báwo, ta ló máa ràn wá lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ní, "Jẹ́ kí ìwé parí ná."

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ àbúrò rẹ̀ kan tó ń gbé ní Elégbẹ́ka ní irú eyín bẹ́ẹ̀. Ọmọge ni, kò tíì lọ́kọ, ẹ̀rù sì ń bà á. Màmá ló mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà wa. Èmi kò sí níbẹ̀, òun ló ròyìn fún mi lórí fóònù, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó ní nígbà tí dókítà mú bírò láti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, òun dìde. Òun ní, "Dókítà, ẹ dúró ná." Òun wá yíjú sí ọmọ náà, òun ní, "Gbogbo ohun tí wọ́n bá bi ọ́, òótọ́ ni kí o sọ. Mo ń lọ síta. N kò ní bi ọ́ lẹ́yìn náà."

"Ṣé ẹ bi í?" ni mo wí.

"N kò bi í."

"Kò tilẹ̀ ṣe yín bíi kí ẹ bi í?"

Ó rẹ́rìn-ín sínú fóònù. "Ó ṣe mí. Ṣùgbọ́n eyín ọmọ náà ti jáde, ibẹ̀ ti san, ó jẹ iyán lánàá."